Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́: Gbogbo ayé ló ń jẹ níbẹ̀, àwọn mélòó ló ń dáná?

Ní ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 2024, tí í ṣe ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ wà nínú ilé ìjọsìn, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Andres Freund, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Microsoft ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, figbe ta pé olè ti dá ògiri lu. Ògiri tó ń wí kì í ṣe ti ilé alámọ̀ tàbí ti bíríkì. Irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ xz ni, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńláńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ń lò káàkiri àgbáyé. Ẹnìkan ti fi àrékérekè la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú rẹ̀, kí ó lè máa wọlé síbi tó bá wù ú láìkan ilẹ̀kùn. Ohun tó mú Ọ̀gbẹ́ni Freund fura kò ju pé kọ̀ǹpútà tó ń dán wò ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Orí ló kó ayé yọ. Ẹ̀dà tí wọ́n ti bà jẹ́ náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń dán nǹkan tuntun wò, kò tíì tàn dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin kan ṣoṣo, Lasse Collin, ọmọ ilẹ̀ Finland, ti fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí olè náà gbà wọlé. Kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un lórí rẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ńlá gbára lé ṣe di ẹrù tí ẹnìkan ń dá rù láìgba kọ́bọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí à ń pè ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àpò ìjọba Nàìjíríà, ó kan ilé ìwòsàn abúlé, ó sì kan fóònù tó wà nínú àpò àgbẹ̀.

Kí ni sọ́fítíwíà?

Kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kò ní ọgbọ́n kankan fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ irin, gíláàsì àti wáyà rẹ̀ nìkan ni a rà, ńṣe ni yóò jókòó bí òkúta. Àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ, pé bí wọ́n bá tẹ ibí, ṣe báyìí, bí owó bá wọlé, kọ ọ́ sí ibí, àwọn ni à ń pè ní sọ́fítíwíà. A lè fi wé bí ìyá ṣe ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọbẹ̀ sísè: ata tó báyìí, epo tó báyìí, ìgbà báyìí ni kí o da iyọ̀ sí i. Ọmọ tó bá mọ ìlànà náà lè dín ata kù, ó lè fi ẹja rọ́pò ẹran, ó sì lè kọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kàn bu ọbẹ̀ fún nínú abọ́, jíjẹ nìkan ló lè jẹ ẹ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ti àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ náà mọ́ inú àpótí, wọn a wá gba owó ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ẹni náà kò ní rí inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ tún un ṣe, kò sì gbọdọ̀ dà á kọ fún ẹlòmíràn. Irú èyí ni Windows tí Microsoft ń tà. Àwọn mìíràn a sì gbé àkọsílẹ̀ tiwọn síta gbangba, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in. Irú ìkejì yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí bébà máa ń há sínú rẹ̀. Stallman fẹ́ tún àwọn àṣẹ inú rẹ̀ ṣe, kí ẹ̀rọ náà lè máa ta àwọn òṣìṣẹ́ lólobó nígbàkúùgbà tí bébà bá há, bó ti ṣe fún èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Kò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó tọ onímọ̀ kan lọ ní yunifásítì mìíràn, ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́, onítọ̀hún kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin náà wọra. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ṣèlérí pé òun kò ní ran aládùúgbò òun lọ́wọ́ ti ṣe ohun tí kò tọ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1983, ó kéde pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí odindi sọ́fítíwíà kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn yóò lè lò tí wọn yóò sì lè pín, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní GNU. Ó dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ní ọdún 1989, ó gbé ìwé àdéhùn kan tó ń jẹ́ GPL jáde.

Òmìnira mẹ́rin ni àjọ náà kà sílẹ̀: òmìnira láti lo sọ́fítíwíà fún ohunkóhun tó bá wu ènìyàn, láti yẹ inú rẹ̀ wò kí a sì yí i padà, láti dà á kọ fún ẹlòmíràn, àti láti pín èyí tí a ti tún ṣe. Ìwé àdéhùn GPL wá fi okùn kan so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹni tó bá tún irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ṣe tó sì fẹ́ pín in, ó gbọdọ̀ fún àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní òmìnira kan náà tí wọ́n fún òun. Kò gbọdọ̀ gbà á ní gbangba kí ó wá tì í mọ́ inú yàrá.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun tí a kò sanwó fún àti ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Yorùbá kò ní ìṣòro yẹn. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Òmìnira ni Stallman ń wí. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí a má ṣe de ẹni tó rà á lọ́wọ́.

Katakata àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá rò pé àwọn tó ń gbé inú ọ́fíìsì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kí ó wo àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Katakata ìgbàlódé kún fún kọ̀ǹpútà. Bó bá dákú lóko lásìkò ìkórè, àwọn àtúnṣe kan wà tí àgbẹ̀ tó fi owó ara rẹ̀ rà á kò lè ṣe, nítorí pé ọwọ́ àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe katakata náà ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe é wà. Yóò dúró dè wọ́n, iye tí wọ́n bá sì pè ni yóò san, kódà bí àgbàdo ń jẹrà lóko.

Àwọn àgbẹ̀ pariwo títí tí ìpínlẹ̀ Colorado fi ṣe òfin ní ọdún 2023, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àgbẹ̀ ní irinṣẹ́, ẹ̀yà ara àti àlàyé tí yóò fi tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ FTC, tó ń ṣọ́ ìwà àwọn oníṣòwò fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé ilé-iṣẹ́ Deere, àwọn tó ń ṣe katakata John Deere, lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kọ́ ni àwọn àgbẹ̀ náà ń béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà nídìí ẹjọ́ méjèèjì: ẹni tó fi owó ra nǹkan, ṣé òun ló ni ín, àbí ẹni tó tà á ṣì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání?

Owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki, ní Finland, Linus Torvalds, kéde pé òun ń fi ṣeré ṣe sọ́fítíwíà kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di ọdún 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àdéhùn GPL, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ káàkiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn kún un. Òun ló di Linux. Lónìí, òun ló wà nísàlẹ̀ Android, tí ọ̀pọ̀ jùlọ fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà ń lò. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nínú àwọn 500 kọ̀ǹpútà tó yára jùlọ lágbàáyé, kò sí ẹyọ kan tí kì í lo Linux. Ìyá alátà tó ń fi fóònù rẹ̀ wo bóyá owó ọjà ti wọlé ń jẹ nínú oúnjẹ tí Stallman àti Torvalds bá wọn sè, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí.

Èló ni gbogbo rẹ̀ tó? Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Manuel Hoffmann, Frank Nagle àti Yanuo Zhou, ṣírò rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan tí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Harvard gbé jáde. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ san owó fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n tún àwọn sọ́fítíwíà tí àkọsílẹ̀ wọn wà ní gbangba, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò jù, kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò ná wa ní 4.15 bílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lò ó ní láti dá tirẹ̀ kọ, 8.8 tírílíọ̀nù dọ́là ni yóò jẹ́. Wọ́n tún ní bí kò bá sí irú sọ́fítíwíà yìí, owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ná lórí sọ́fítíwíà ìbá di ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀.

Iye méjì yìí ló ṣàlàyé èrè àjọṣe. Kànga kan tí gbogbo àdúgbò jọ gbẹ́ kì í wọ́n. Bí agbo ilé kọ̀ọ̀kan bá ní láti gbẹ́ tirẹ̀, owó ìgbẹ́kànga yóò jẹ owó oúnjẹ mọ́lẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń jẹ èrè ńlá lórí ohun ọ̀fẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ IBM san nǹkan bí 34 bílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2019 láti ra ilé-iṣẹ́ Red Hat, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sọ́fítíwíà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba ni Red Hat fi ń ṣòwò. Ìtọ́jú àti ìdánilójú ni wọ́n ń tà fún àwọn oníbàárà wọn.

Àwọn tó ń dáná

Nínú ìwádìí kan náà ni ohun tó yẹ kó kọ ni lóminú wà: nínú 100 àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà wọ̀nyí, àwọn 5 péré ló ń ṣe iṣẹ́ tó mú ìdá 96 nínú 100 èrè náà wá. Ìdáná pọ̀ lọ́wọ́ ìwọ̀nba ènìyàn.

Ayé ti kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Wọ́n rí àléébù kan, tí wọ́n sọ ní Heartbleed, nínú sọ́fítíwíà OpenSSL tó ń bá àìmọye ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì pa ọ̀rọ̀ aṣínà àti nọ́ńbà káàdì báńkì mọ́. Ọdún méjì ni àléébù náà ti wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè àwọn tó ń tọ́jú OpenSSL, ẹnìkan péré ló ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é, ọrẹ tí àwọn ènìyàn sì ń dá fún wọn kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ìtìjú yìí ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Owó náà kò dé ọ̀dọ̀ Collin. Láti ọdún 2021 ni ẹnìkan tó ń jẹ́ Jia Tan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń fi ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ sí iṣẹ́ xz. Ní ọdún 2022, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ Collin pé iṣẹ́ náà ń falẹ̀, kí ó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó dá wọn lóhùn pé àìlera kan ti ń bá òun fínra láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé kí wọ́n rántí pé iṣẹ́ tí òun ń fi àyè ọwọ́ ṣe láìgbowó ni. Díẹ̀díẹ̀, Jia Tan di ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ dání. Nínú àwọn ẹ̀dà tó jáde ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni májèlé náà wà. Sùúrù ọdún méjì àti ju bẹ́ẹ̀ lọ ni olè yìí fi ṣe ọmọ ilé.

Àwọn kan ti fi èyí sọ pé ewu ló wà nínú kí àkọsílẹ̀ wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Freund kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe xz, kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó tú u wò. Bó bá jẹ́ pé inú àpótí títì ni, ìbá kàn rò pé kọ̀ǹpútà òun ń lọ́ra ni, ìbá sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbangba tó wà ló jẹ́ kí wọ́n rí olè mú. Ibi tí olè gbà wọlé ni àárẹ̀ ẹnìkan tí kò ní olùrànlọ́wọ́.

Yorùbá mọ irú ètò yìí. Nínú àáró, bí ẹgbẹ́ bá ro oko ẹnìkan lónìí, wọn yóò ro ti ẹlòmíràn lọ́la, ẹni tí wọ́n bá bá ro tirẹ̀ tí kò bá jáde sí ti ẹgbẹ́, gbogbo abúlé ló máa rí i. Ohun tó ba àáró ti kọ̀ǹpútà jẹ́ nìyẹn: àwọn tó ń jẹ níbẹ̀ pọ̀ lọ jàra, kò sì sí ẹni tó ń rí ẹni tí kò gbé ọkọ́ wá.

Ibi tó ti kan Nàìjíríà

Nàìjíríà náà wà nídìí àwo yìí. Àkọsílẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe ní ilé ìwòsàn abúlé, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, iye aboyún tó bímọ, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń kó o jọ sí lóṣooṣù, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sínú sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ DHIS2 kí ó tó dé Àbújá. Gúúsù Áfíríkà ni iṣẹ́ tó bí i ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá wọlé, Yunifásítì Oslo ní ilẹ̀ Norway ló ń ṣe kòkárí rẹ̀ nísinsìnyí, àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 70 ló sì ń lò ó láìsan owó ìyọ̀ǹda. Bákan náà ni àwọn ilé ìkówèésí yunifásítì kan nílẹ̀ wa ń lo Koha, tí wọ́n kọ ní ọdún 1999 fún ilé ìkówèésí kékeré kan ní New Zealand. Ní èdè àwọn Maori, ẹ̀bùn ni koha, irú ẹ̀bùn tí ẹni tó gbà á mọ̀ pé òun náà yóò fúnni lọ́jọ́ kan.

Ọdún 2007 náà kò yẹ ní gbígbàgbé. Wọ́n fẹ́ ra 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Linux ti ilé-iṣẹ́ Mandriva ilẹ̀ Faransé nínú rẹ̀. Lójijì ni wọ́n gbọ́ pé agbaṣẹ́ṣe fẹ́ yọ Linux kí ó fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí ọ̀gá Microsoft nígbà náà, Steve Ballmer. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé Microsoft ti dá a lábàá láti fún agbaṣẹ́ṣe náà ní 400,000 dọ́là lórúkọ ìpolówó ọjà alájọṣe. Àjọ ìjọba tó ń sanwó fún 11,000 nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà ní Linux ni àwọn fẹ́. Ẹni tó bá ń rò pé ohun ọ̀fẹ́ kò ní iye lórí, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹlòmíràn fi fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀ kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé.

Dọ́là ni a fi ń ra ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ilẹ̀ òkèèrè. Kí ó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500 náírà. Owó ìyọ̀ǹda kan náà, láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á fi kọ́bọ̀ kún un, ti di ìlọ́po mẹ́ta fún ẹni tó ń fi náírà ra dọ́là.

Ọ̀fẹ́ náà ní owó tirẹ̀

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní ọdún 2003 láti kúrò lórí Windows bọ́ sórí Linux, ó sì tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ní ọdún 2017, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àròyé àwọn òṣìṣẹ́, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé kí wọ́n padà. Owó ìyọ̀ǹda nìkan kọ́ ni owó sọ́fítíwíà: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà, àtúnṣe wà. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kan náà kéde pé òun yóò fi LibreOffice, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, rọ́pò ti Microsoft nínú 30,000 kọ̀ǹpútà ìjọba, kí ọ̀rọ̀ ìlú má baà máa wà lọ́wọ́ oníṣòwò òkèèrè.

Àwọn kan nílẹ̀ wa yóò ní àwọn kò nílò ọ̀fẹ́ kankan, nítorí pé ayédèrú Windows wà lọ́jà ní owó táṣẹ́rẹ́. Ayédèrú olè jíjà ni. Ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó jí àpótí títì gbé kò tíì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò lè tún un ṣe, kò sì mọ ohun tí ẹni tó tà á fún un ti kó sínú rẹ̀. Sọ́fítíwíà tó ní òmìnira ló fún tálákà láyè láti jẹ olóòótọ́.

Ìjọba Jámánì dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ ní ọdún 2022, Sovereign Tech Fund, láti máa san owó fún àwọn tó ń tọ́jú irú irinṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò. Nàìjíríà kò ní owó Jámánì, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀dọ́. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tí wọn ìbá fi ra ìyọ̀ǹda, kí wọ́n fi gba àwọn ọmọ tó jáde ní yunifásítì wa síṣẹ́ láti máa tún DHIS2 àti Koha ṣe, kí wọ́n sì máa dá àtúnṣe náà padà sí gbangba, ìmọ̀ yóò dúró sílé, owó náà kò sì ní sọdá òkun.

Ẹni tó ń fi ọdọọdún gba ẹ̀bùn tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́ ni yóò mọ̀ pé òmìnira tí wọ́n fún òun, òun kò gbà á. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àjọjẹ kì í dùn bí ẹnìkan kò bá ní.